Ta Ló Kọ Ìwé Náà? Iṣẹ́ Ìjọba Nínú Eré Wa àti Nínú Ayé Wa

 

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa bí ogún péjọ sí Asti níbí láti tún wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí a wò ó tán, tí oúnjẹ ń lọ kiri, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí sún mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹni tó máa ń fi ìwé kíkọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ni?" Kí n tó la ẹnu, àgbàlagbà kan ti dá a lóhùn: "Ọmọ mi, kí wọ́n tó kéde iṣẹ́ ni wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa gbé e fún." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ jẹ́ alárinà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa tó ń dúró láàárín dókítà àti aláìsàn, láàárín olùkọ́ àti òbí, tó ń túmọ̀ èdè tó sì ń túmọ̀ àṣà. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo fẹ́ fi díwọ̀n àwọn eré wa lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ẹni tó yẹ ní ìyìn rẹ̀. Ṣaworoidẹ kì í ṣe eré kékeré. Lápité fẹ́ jọba ní Jogbo, ṣùgbọ́n kò fẹ́ mulẹ̀ bí àwọn ọba ìṣáájú ti ṣe, nítorí ó mọ̀ pé ọba tó bá mulẹ̀ kò lè kó ìlú jẹ. Ó gba adé, kò gba èèwọ̀ adé. Láti ìgbà náà ni igbó Jogbo ti di ti àwọn agégẹdú. Owó ń wọ ààfin, igi ń tán lóko. Lágàta, ọ̀gágun kan, ló pa Lápité tó sì gba ìjọba; nígbà tí ìlù ṣaworoidẹ dún, adé tí òun náà kò mulẹ̀ fún ló pa á. Ní ọdún 2002, Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e: ọba tuntun, Adébọ̀sípò, fẹ́ tún ìlú ṣe, àwọn ìjòyè tí jíjẹ ti mọ́ lára sì ń dí i lọ́wọ́. Kèlání àti Ìṣọ̀lá mú ohun tó ń dun Nàìjíríà, wọ́n sì fi ìmùlẹ̀, ohun tí àwọn baba wa mọ̀, dá a lẹ́jọ́. Ọgbọ́n ńlá ni.

Wọn kò sì dá wà. Ní ọdún 1982, Festus Iyayi kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó pè é ní The Contract. Ogie Obala padà sí ìlú Ogbe pẹ̀lú ìpinnu pé òun kò ní bá wọn jẹ nínú owó iṣẹ́ ìlú. Kí ìwé tó lọ jìnnà, wọ́n ti fà á wọ inú àgbo.

Àléébù tí mo rí nìyí. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí, iṣẹ́ ìjọba dà bí ẹran tí wọ́n ń pín ní ààfin. A rí ẹni tó ń pín in, a rí ẹni tó gba itan, a rí ẹni tí wọ́n fi egungun lé lọ́wọ́. Ẹni tí a kò rí ni ẹni tó jókòó ní òru, tí gbèdéke ku ọjọ́ mẹ́ta, tó ń kọ ohun tí òun yóò ṣe, iye ènìyàn tí yóò bá òun ṣe é àti iye tí òun yóò gbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì di olú ẹ̀dá ìtàn nínú eré wa kankan tí mo wò. Nítorí náà, bí a bá ti pe agbaṣẹ́ṣe, olè ni etí wa ń gbọ́. Ọmọ tó bá sì dàgbà sórí irú eré bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé ìwé kíkọ kò já mọ́ nǹkan kan, àfi kéèyàn mọ ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ọdún 1999 ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, pé ojú ọgbẹ́ ṣì tutù nígbà náà, kò sì sí àyè láti máa yin oníwèé. Òótọ́ ni. N kò dá Kèlání lẹ́bi lórí eré kan. Àwa tí a ti ń wo ìdajì ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, tí a sì sọ ọ́ di odindi, ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé eré àwọn tí a ń bá gbé. Ní ọdún 1963, Francesco Rosi gbé Le mani sulla città jáde, ìyẹn Ọwọ́ Lórí Ìlú, ó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice. Ní Napoli, ilé kan wó, ó pa ènìyàn. Nottola, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́lé níbẹ̀, tún jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, Rosi sì mú wa tẹ̀ lé wọn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Gbogbo ìwé ló pé. Nínú ilé ìgbìmọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba na ọwọ́ sókè, wọ́n ń pariwo pé ọwọ́ àwọn mọ́. Nígbẹ̀yìn, Nottola ló borí. Kò sí ìlù kankan tó dún tó pa á. Ìyẹn burú ju ti Jogbo lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wo eré náà mọ ibi tí ìjà wà: inú fáìlì ni.

Ayé kò pẹ́ fara jọ eré. Ní oṣù kejì ọdún 1992, ní Milano, wọ́n mú Mario Chiesa, ọ̀gá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, pẹ̀lú owó tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó fún ilé náà. Láti ibẹ̀ ni ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní Mani pulite, Ọwọ́ Mímọ́, ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà wa tó dá ọmọ lóhùn kò parọ́, nígbà náà.

Gbèdéke kúkurú pàápàá lè di ọ̀nà ojúsàájú. Ẹni tó ti gbọ́ ṣáájú ti ń kọ tirẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹni tó gbọ́ lónìí ni yóò máa sáré. Ìdí nìyí tí òfin fi dá sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní bando níhìn-ín ni ìkéde tí ìjọba fi ń pe ẹni tó bá lè ṣe iṣẹ́ kan wá díje. Òfin Ítálì ti ọdún 2023, nọ́ḿbà 36, sọ pé bí ìdíje bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó kéré tán kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ 30. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú tí ìdí rẹ̀ sì hàn, ó lè jẹ́ ọjọ́ 15. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn tàbí iṣẹ́ ìrànwọ́ tí owó rẹ̀ kò tó 140,000 Euro, ọ́fíìsì lè gbé e fún ẹnìkan láìsí bando, bí ẹni náà bá ní ẹ̀rí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nílé lọ́hùn-ún, òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ní kí ìkéde ìdíje gbangba tó ọ̀sẹ̀ 6. Òfin lè fún wa ní ọjọ́. Kò lè bá wa múra sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tí ojú èmi fúnra mi rí. Ní ọdún tó ṣáájú ìrọ̀lẹ́ tí a wo eré yẹn, àwa mélòó kan díje fún iṣẹ́ alárinà ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ọ́fíìsì tó kéde rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Nínú ọjọ́ 30, ìgbà tó ku 11 ni a tó gbọ́. A fi ọjọ́ 8 sáré ìwé ẹ̀rí: ti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ti ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà, ti fíforúkọ sílẹ̀, nítorí láti oṣù kìíní ọdún 2024, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ọjọ́ 3 ló kù fún àbá iṣẹ́ gan-an.

Ẹ wo àṣìṣe wa. Òfin kan náà gbà pé bí púpọ̀ nínú ìwé ẹ̀rí bá dín, ọ́fíìsì yóò fún olùdíje ní ọjọ́ 5 sí 10 láti mú un wá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dín nínú àbá iṣẹ́ tàbí nínú iye owó, kò ní àtúnṣe mọ́. Ohun tó ní àtúnṣe ni a fi ọjọ́ 8 ṣe; èyí tí kò ní, a fi ọjọ́ 3 jàn án.

A ṣe ipò kẹrin. Òfin gba ẹni márùn-ún àkọ́kọ́ láyè láti rí àbá ara wọn, mo bá ṣí ti ẹni tó borí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni, cooperativa tí àwọn obìnrin wa ń bá ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó wákàtí. Mo wá èrú nínú ìwé náà, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni wákàtí tí a kà, wọ́ọ̀dù tí a dárúkọ, bí wọ́n ṣe fọkàn aboyún kan tí ẹ̀rù ń bà balẹ̀, àti Yorùbá láàárín àwọn èdè tí wọ́n lè sọ. Iṣẹ́ àwọn obìnrin wa ni. Ìwé ìrírí ìyá ọmọ yẹn wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin wa ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ọdún 1998, nọ́ḿbà 286, ti sọ ọ́ láti ìgbà náà pé ìjọba lè bá ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ṣe àdéhùn láti lo àwọn àjèjì gẹ́gẹ́ bí alárinà. Ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí, ó ti lé ní ọdún 25.

Àwọn kan nínú wa ní kí a má tilẹ̀ jẹ nínú oúnjẹ ìjọba rárá. Wọ́n a tọ́ka sí Vittorio Alfieri, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Asti ní ọdún 1749, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà tí gbogbo wa ń rìn. Ní ọdún 1778, ó gbé ohun ìní rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kí ọba má baà ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó ṣètò owó tí yóò máa wọlé fún un lọ́dọọdún. Ẹni tó ní ilẹ̀ ló lè fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí alárinà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí yóò máa kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kí ẹgbẹ́ wa forúkọ sílẹ̀ nísinsìnyí tí bando kankan kò lé wa. Òfin gbà kí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta para pọ̀ díje. Ẹ jẹ́ kí a bá alájẹṣẹ́kù jókòó gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe, kì í ṣe bí alágbàṣe nìkan. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ẹ sì kọ eré kan fún wa tí obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní òru yóò jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Bí ó bá wù yín, kí ó pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rí i níbi tó ti ń kọ ọ́.

Ní ti ọmọ yẹn, mo ti mọ èsì ìbéèrè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, síbẹ̀ mo bá àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi, ẹni tó fi ìwé kíkọ gba iṣẹ́ ìjọba wà. Mo ti rí ìwé náà. Ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́.