Pósítà Fíìmù Olóògùn

Kí fíìmù tó dé orí fóònù, ara ògiri ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ló ti ń dẹ́rù bà wá. Àwọn tó ń ya pósítà mọṣẹ́! Wọn á gbé òṣèré bíi Fádèyí Olóró tàbí Àbíjà sáàárín, ojú pípọ́n, ìwo oògùn lọ́wọ́, iná lẹ́yìn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bí orí kan ṣe ń tóbi ju òmíràn lọ: ẹ ti mọ ẹni tó lágbára kí kásẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀. Orí àpò ìyẹ̀fun làwọn ará Gánà ń fọwọ́ kun tiwọn sí láwọn ọdún 1980 àti 1990. Àwọn olùkójọ òkè òkun ń ra ti Gánà yẹn báyìí. Ẹ̀yin tí tiwa ṣì wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù.