Ìpàkọ́ Tí Ó Di Ojú: Àyẹ̀wò Ọgbọ́n Iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere Nínú Fọ́tò Irun Obìnrin

Bí a bá dárúkọ fọ́tò láàrin àwa Yorùbá, ojú ènìyàn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò a jókòó ṣinṣin, a gbé ọwọ́ lé itan, a sì kọjú sí kámẹ́rà kí ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì lè hàn kedere. Stephen Sprague ti kọ nípa irú ìjókòó yìí ní 1978. Babatunde Lawal náà, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 2001, ṣàlàyé pé àwòrán jẹ mọ́ ohun tí à ń wò láti fi rántí. Ta ni a ó wá fi ìpàkọ́ rántí? Ìbéèrè yìí ni ó bí àyẹ̀wò tí a fẹ́ ṣe sí fọ́tò irun tí olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014) ya, nítorí pé ìpàkọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọmọ Emai ni Ojeikere, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ní 1950 ni ó ra kámẹ́rà Brownie D tí kò ní iná. Ní 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Ní 1961 ó di ayafọ́tò iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ìlú kan náà. Láti 1963 títí di 1975 tí ó dá Foto Ojeikere sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà West Africa Publicity ní Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ ìpolówó ọjà hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀: a yọ ohun kan ṣoṣo sí gbangba, a sì mú gbogbo ohun tí ó lè bá a du ojú kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Ní òpópónà, ní ọ́fíìsì, ní ibi ìnáwó, ibi gbogbo ni ó ti ń rí obìnrin tí irun rẹ̀ wù ú. Kò fi àwọ̀ kún un. Dúdú àti funfun ni. Nígbà tí yóò fi dákẹ́, irun tí ó ti yà sọ́tọ̀ báyìí súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ó gbà pé iṣẹ́ ọnà ni irun dídì, ó sì fi onídìrí wé agbẹ́gilére. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ère yìí kì í pẹ́ láyé, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni, a ó tú u.

Àwọn kan lè sọ pé fífi ìpàkọ́ han ayé bu obìnrin kù. A kò fara mọ́ ọn pátápátá. Kí á wo irun fúnra rẹ̀. Iwájú ni kòlẹ́sẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìpàkọ́ ni ó ń parí sí. Ìpàkọ́ ni ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń gba iwájú lọ. Ṣùkú ní tirẹ̀ ń kó ara jọ sí àtàrí. Ẹni tí ó bá dúró níwájú kò lè ka bí ọwọ́ onídìrí ti rìn. Ẹ̀yìn ni ìwé náà ṣí sí. Àwọn mìíràn sì ti fẹ́ fi ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa orí inú túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Èrò náà dùn, ṣùgbọ́n kí á má fi tipátipá sọ ọmọ Emai di babaláwo. Ọgbọ́n ojú àti ọgbọ́n iṣẹ́ tó láti ṣàlàyé ohun tí ó ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti orúkọ. Ojeikere kò fi orúkọ irun ṣeré. Fọ́tò rẹ̀ kan ti 1975 ń jẹ́ Onílé Gogoro tàbí Àkàbà. Irun kíkó ni, òwú ni wọ́n fi wé e tí ó fi dúró gànràn-gànràn lórí bí ilé alájà. Orúkọ náà sì jẹ́ kí á mọ ohun tí ojú ń rí nílùú nígbà náà. Ní òkèèrè, ‘Ojo Npeti’ ni wọ́n kọ sí abẹ́ òmíràn láìsí àmì ohùn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò ní mọ̀ pé odidi gbólóhùn ni, Òjò-ń-petí. Síbẹ̀, orúkọ irun nìkan ni a rí. Orúkọ ẹni tí ó ni orí kò sí nínú àkọlé. Ti onídìrí tí ayafọ́tò fúnra rẹ̀ fi wé agbẹ́gilére kò sí. Nígbà tí wọ́n pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní Fondation Cartier ní Paris ní 2000, tí wọ́n tún dé Kassel ní Jámánì ní 2007 àti Venice ní 2013, orúkọ kan ṣoṣo ni ayé ń pè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ère ìbejì wa ṣe wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó láìsí orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, tí a sì ń bínú sí wọn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Ojeikere nìkan. Àṣà iṣẹ́ fọ́tò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iyì orúkọ irun tó bẹ́ẹ̀ ni a lè retí pé kí ó bèèrè ti ọwọ́ tí ó dì í.

Àwọn onídìrí tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà kò tíì tán láyé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá gbé àwọn fọ́tò yìí tọ ìyá tí ó dirí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn ní 1970 lọ, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà mọ irun, kí ó mọ ọwọ́ ẹni tí ó dì í, kí ó sì tún mọ ọmọ ẹni tí ó kẹ̀yìn sí wa.