Ọṣẹ Tchaourou àti Orúkọ Tó Rìn Káyé

Àwọn obìnrin tó ń se ọṣẹ ní agbègbè Tchaourou, ní Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin, yẹ fún ìyìn. Igi ẹmi wà nítòsí wọn, òrí kò sì jìnnà. Wọn a jó nǹkan di eérú, wọn a bu omi sí i, wọn a sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó gbé omi eérú náà ka iná pẹ̀lú òrí. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí omi eérú kò bá le tó, ọṣẹ kò ní dì. Bó bá sì le jù, á máa jẹ ènìyàn lára. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rá àti eérú kan náà ni Pliny, ará Róòmù tó kú lọ́dún 79, kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó pè é ní sapo lédè Látìn, ó ní àwọn ará Gaul ló ń ṣe é láti fi sọ irun wọn di pupa. Orúkọ náà kò jókòó. Ó di savon lẹ́nu Faransé, sabão lẹ́nu Potogí, ṣābūn lẹ́nu Lárúbáwá, sabulu lẹ́nu Háúsá, ohun ìkunrun sì di ohun ìwẹ̀ àti ìfọṣọ. Ọmọ iléèwé ní Tchaourou ń kọ savon sínú ìwé, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni Yorùbá ń jẹ́ kó máa jẹ́. Inú mi dùn sí i.

Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Parakou kọjá, ẹ dúró ra ọṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wo bí wọ́n ṣe ń sẹ́ eérú.