Bí Ẹsẹ̀ Kò Bá Bá Ìlù Mu: Lámèyítọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Tí A Ń Wò Lójú Ẹsẹ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ojú ni òwe náà dárúkọ. Ó sì jọ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí gbà gbọ́ náà nìyẹn: bí àwòrán bá ti mọ́ kedere, tí kò sì máa dúró gbagidi, iṣẹ́ ti parí. Ní Àjàṣẹ́ níbí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, àti ní àwọn ìlú bíi Sakété, Ìfànyìn, Pobè títí dé Kétu, kò ṣòro mọ́ láti rí ọ̀dọ́ kan tó gbé kámẹ́rà sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta létí agbo, tó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí àwọn ẹbí tó wà ní Kútọnu, Libreville tàbí Paris sì ń wo eré náà ní wákàtí gan-an tí a ń ṣe é. Nígbà tí àjọ̀dún Festival des Masques bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, a rí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ láàárín èrò.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí alámèyítọ́ yẹ̀ wò nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bóyá ẹsẹ̀ bá ìlù mu. Mímọ́ àwòrán kàn tẹ̀ lé e ni. Bí ẹsẹ̀ kò bá bá ìlù mu lórí fóònù, nígbà tó sì bá a mu lágbo, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti jẹ́rìí èké mọ́ oníjó. A ó sọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ìdí tí ojú fi máa ń kọ̀ ọ́, àti bí òǹwòran ṣe lè mọ̀ bóyá oníjó ló ṣì í ni tàbí ẹ̀rọ.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbo kan

Àṣìṣe tí a fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ èmi fúnra mi ló ti wá. Ní abúlé kan ní agbègbè Sakété, àwọn ẹbí kan ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ́yìn ìkórè, wọ́n sì ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bá wọn fi ijó ọ̀sán hàn fún àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi. A ní kámẹ́rà tó dára. A gbé maikirofóònù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìyáàlù àti àwọn omele, a so wọ́n mọ́ míkísà, a sì ti inú míkísà so ohùn mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwòrán ní tirẹ̀ gba inú ẹ̀rọ agbàwòrán kékeré kan wọlé, èyí tí a ń pè ní carte d'acquisition lédè Faransé. Íntánẹ́ẹ̀tì kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A rò pé a ti ṣe iṣẹ́ ribiribi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lórí WhatsApp. Àwọn kan dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ ohun kan náà nípa ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníjó: pé ẹsẹ̀ bàbá ti wúwo, pé ìlù ń sọ̀rọ̀ tán kí bàbá tó dáhùn, pé ó yẹ kí wọ́n fi ijó sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Àwọn tí a jọ wà lágbo kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, torí pé bàbá jó débi pé àwọn ìyá dìde fún wọn. Nígbà tó di òwúrọ̀, bàbá ní kí n fi ohun tí àwọn ọmọ náà wò han àwọn. Wọ́n wò ó lórí fóònù mi fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì dá fóònù padà. Wọ́n ní: «Èmi kọ́ ni mò ń jó yìí.»

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí mo délé, mo gbé kámẹ́rà náà kalẹ̀ bí ó ṣe wà lọ́jọ́ náà, mo pàtẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, mo sì ka àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró àtẹ́wọ́ ti dún kí ọwọ́ méjèèjì tó pàdé nínú àwòrán. Àwòrán márùn-ún ló wà láàárín wọn. Kámẹ́rà wa ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ohùn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú àwòrán, ìyẹn 167 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún. Láti ibí lọ, a ó máa fi ms dúró fún ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó lè dà bíi pé ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ń lu ìlù lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 167 ms ni àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì. Ẹsẹ̀ bàbá tó bọ́ sórí ọ̀pá kẹta lágbo, orí ọ̀pá kẹrin ló bọ́ sí lórí fóònù.

3. Ọ̀nà méjì, ìrìn méjì

Kí ló fà á? Àwòrán àti ohùn kò gba ọ̀nà kan náà wọlé. Ohùn rìn tààrà láti míkísà sínú kọ̀ǹpútà, kò sì pẹ́ lọ́nà. Àwòrán ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò ó kí ó tó tì í jáde láti ẹnu HDMI. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ agbàwòrán á gbà á. Àwòrán tó fẹ̀ ní 1920 tó sì ga ní 1080, bí ó bá jẹ́ 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a kò sì fún un pọ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mégábíìtì 1000. Ẹnu USB 2.0 tí àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ń lò kò lè gbé ju mégábíìtì 480 lọ. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fún àwòrán pọ̀ kí ó tó lè kọjá, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ tún un tú. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ̀ tó ń dúró gbé èrò láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu nígbà tí ọlọ́kadà ti kọjá lọ.

A gbọ́dọ̀ ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìdádúró mìíràn. Gbogbo ẹni tó ń wo eré lórí Facebook tàbí YouTube ló ń rí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìyẹn kò pa ijó lára rárá, nítorí pé àwòrán àti ohùn jọ pẹ́ ni. Ẹni tó wà ní Libreville kò mọ̀ pé òun wà lẹ́yìn. Ohun tó ń ba ijó jẹ́ ni kí ọ̀kan pẹ́ kí èkejì má pẹ́.

4. Mànàmáná àti àrá

Ojú ènìyàn kì í kọ gbogbo àìbáramu bákan náà. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, tí a mọ̀ sí UIT lédè Faransé, gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 1998 lórí ọ̀rọ̀ yìí fún tẹlifíṣọ̀n, BT.1359 ni wọ́n pè é. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, bí ohùn bá fi 45 ms ṣáájú àwòrán, òǹwòran á ti bẹ̀rẹ̀ sí fura. Bí ohùn bá wà lẹ́yìn àwòrán, ó lè tó 125 ms kí ó tó fura. Ibi tí a lè gbà á mọ dé ni 90 ms bí ohùn bá ṣáájú, àti 185 ms bí ó bá gbẹ́yìn.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Mànàmáná ni a kọ́kọ́ ń rí kí a tó gbọ́ àrá. Ẹni tó ń gégi lókèèrè, a rí àáké tó sọ̀kalẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí a ti dáyé, ohùn máa ń tẹ̀ lé ìran, kò sí ibi tó ti ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, 167 ms tiwa, bí ohùn bá fi gbẹ́yìn ni, ì bá ṣì wà nínú ohun tí ìlànà náà gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ṣáájú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí a lè gbà. Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìtọ́jú tí a fi ṣe ohùn ló dá àṣìṣe náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóònù lásán ni a nà sókè, àwòrán ì bá burú, ìlù ì bá hó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá ì bá bá ìlù mu.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tó wà lẹ́yìn èrò náà kì í gbọ́ ìlù lásìkò. Òótọ́ ni. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tó bá jìnnà sí ìlù tó mítà 34 á gbọ́ ọ lẹ́yìn 100 ms. Ṣùgbọ́n ẹni náà rí agbo, ó rí èrò, ó mọ̀ pé òun jìnnà, ìlù tó gbọ́ sì ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ tó rí. Ẹni tó ń wo kámẹ́rà wa rí ẹsẹ̀ bàbá nítòsí bíi pé ó lè fọwọ́ kàn án. Ìsúnmọ́ yẹn ló jẹ́ kí ó gba àṣìṣe náà gbọ́.

5. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń béèrè?

Nínú ijó mìíràn, àìbáramu díẹ̀ lè kọjá lójú òǹwòran. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal kọ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 1983 ti ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ, ẹsẹ̀ oníjó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣaworo tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ kí etí lè gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ sọ. Ìparí gbólóhùn ìlù ni àwọn tó mọ̀ ọ́n wò máa ń dúró dè, torí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti ìlù gbọ́dọ̀ ti jọ dákẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, ojú ti tì í. Òun gan-an ni àwọn ọmọ bàbá rí ní Libreville.

Nínú ijó náà fúnra rẹ̀ ni a ti rí ohun tí a lè fi mọ òtítọ́. Méjì méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń jó. Nígbà tí mo tún fídíò náà wò, mo rí i pé ẹnìkejì bàbá, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, pẹ́ bí bàbá ṣe pẹ́, ìwọ̀n kan náà, ní gbogbo ìgbà. Àwọn méjèèjì bá ara wọn mu láìkù síbì kan, ìlù nìkan ni wọn kò bá mu. Oníjó méjì kò lè ṣì í bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé oníjó ló ṣì í, ọ̀kan á ju ọ̀kan lọ, á sì burú níbì kan ju ibòmíràn lọ. Àṣìṣe tí kì í yí padà, ẹ̀rọ ló ni ín. Àwọn òǹwòran rí bàbá nìkan nítorí pé wọ́n ti mọ̀ pé bàbá ti dàgbà, wọ́n sì ti ń retí kí ẹsẹ̀ wọn wúwo.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan gbà pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù wà níbòmíràn: ta ló fún kámẹ́rà láyè? Kí ni a ṣe sí Ẹ̀fẹ̀ òru, tí orin rẹ̀ ń bá àwọn ará ìlú wí, bí a bá gbé e síta fún ẹni tí kì í ṣe ará ìlú? A kò kọ ìbéèrè náà. Ọwọ́ àwọn tó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀ wà, àwọn ẹbí tí a ṣiṣẹ́ fún sì sọ fún wa pé ijó ọ̀sán nìkan ni kí a yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bá ti fún wa láyè tán, ojúṣe mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: kí ohun tí a gbé jáde má parọ́ mọ́ ẹni tó gbà wá lálejò.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Kí a pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kí a gba á sílẹ̀, kí a ka àwòrán. OBS Studio, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ibi tí a ti lè sọ iye ms tí ohùn gbọ́dọ̀ fi dúró de àwòrán. Bí a bá yí nǹkan kan padà, ìbáà ṣe wáyà, kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ agbàwòrán, kí a tún pàtẹ́wọ́. Ọ̀nà kejì ni kí a ti inú míkísà so ohùn mọ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kí òun àti àwòrán lè jọ gba inú wáyà kan. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ ní ìdánwò.

Fún àwa tó ń kọ lámèyítọ́, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí i. Púpọ̀ nínú wa ń fi fídíò bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníjó yìí dáa ju ìyẹn lọ. Kí a tó kọ ọ́, ó yẹ kí a wá ibi kan nínú fídíò náà tí ọ̀pá ti kan awọ ìlù lójú wa, kí a wò ó bóyá ìró rẹ̀ dún lásìkò. Bí a kò bá rí irú ibi bẹ́ẹ̀, kí a má ṣèdájọ́ ẹsẹ̀.

Mo fa ohùn fídíò bàbá sẹ́yìn ní 167 ms, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí mo ní nọ́ńbà wọn. Àwọn méjì kọ̀wé padà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá. Àwọn tó kù kò sọ nǹkan kan, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n wò ó. Fídíò àkọ́kọ́ náà, a ti yọ ọ́ kúrò lójú ewé wa, ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbà á sórí fóònù wọn, ó sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.