Iyọ̀ Afùwàpẹ́ nínú Ìwé Àgbà àti Ìwé Ọmọdé



Ìtàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ láti inú Ifá wò. Ìtàn náà ni ti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, Oríseékú ọmọ Ògún àti Oríléémèrè ọmọ Ìja, nígbà tí wọ́n ń lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Wándé Abímbọ́lá sọ ọ́ nínú Ifá: An Exposition of Ifá Literary Corpus ní 1976, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé lórí àyànmọ́ ló sì ń yà síbẹ̀.

Ẹ ó rántí pé Afùwàpẹ́ nìkan ló yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ. Ó rú u, wọ́n sì bù nínú rẹ̀ fún un kó máa mú lọ. Iyọ̀ ọ̀hún ló fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Owó ọ̀hún ló fi san gbèsè Àjàlá, ẹni tó ti sá gun òkè àjà nítorí olówó. Ni Àjàlá bá bá a mú orí tó dára. Àwọn méjì tó kù dá yan tiwọn, òjò sì fọ̀ ọ́ dànù lójú ọ̀nà.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, irú Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, ti yẹ ọ̀rọ̀ orí wò dáadáa. Bí ojú ò bá lè dá orí rere mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti sán, ṣé yíyàn nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni, kí awo má bínú sí i. Èrò tèmi ni pé inú ẹbọ ni ká ti wá ìdáhùn: ẹni tó béèrè ló rí ẹni bá a yàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jiyàn náà. Olóògbé Sophie Olúwọlé tó fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Awo tó ni ẹsẹ kò rí ibi dá sí i.

Ti ìwé ọmọdé wá burú jù. Ọ̀kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, àwòrán rẹ̀ dára, ìwé náà ò sì wọ́n. Àmọ́ wọn ò dífá níbẹ̀, kò sí ẹbọ. Afùwàpẹ́ kàn gbé iyọ̀ jáde nílé ni, wọ́n wá ní kí ọmọ máa lawọ́. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kà á tán, ó ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé tó fi gbé iyọ̀ dání? Ṣé ó ti mọ̀ pé bàbá yẹn ò níyọ̀ ni?"

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní ẹbọ á le jù fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ Ifá ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti ẹbọ fún un, ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sétí ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n ti fò ó.