Èrò Ọkàn Ẹni Lórí Ọ̀rọ̀ Ìlú: Lámèétọ́ Àríyànjiyàn Èdè Ìkọ́ni láti Utako

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèétọ́ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà sọ èrò ọkàn wọn lórí ọ̀rọ̀ tó ń fa awuyewuye láwùjọ. Àríyànjiyàn lórí èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọdé nílé ẹ̀kọ́, èyí tó tún gbóná ní Àbújá ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò Utako ni a ti wò ó. A rí i pé àléébù kan náà ló wà lára tọ̀tún tòsì: wọ́n ń fi ìrírí ara wọn ṣe ẹ̀rí tó kárí ayé. A dábàá bí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ ṣe lè tún kíkọ́ àròkọ alárìíyànjiyàn ṣe.

Ìfáárà

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Utako tàbí àwọn gáréèjì àdúgbò náà kọjá láàárọ̀ yóò rí àwọn tó dúró yí oníwèé ìròyìn ká. Púpọ̀ nínú wọn kò ra ìwé. Àkọlé ni wọ́n ń kà. Ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lórí awakọ̀ tí kò dá ṣéńjì padà. Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sórí owó epo láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, kí ó tó kan mínísítà, kan ààrẹ, kan ọmọ ìwòyí tí kò mọ̀wé. Olúkúlùkù ló ní èrò, kò sì sí ẹni tó ń dúró kí ẹnìkejì parí tirẹ̀.

Ó rọrùn láti fojú ẹ̀gàn wo irú àpérò bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń bí i nínú kò tíì di ọmọ ìlú. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí èrò náà ṣe ń dúró: kí ló gbé e ró, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí ó bá wó?

Èrò ẹni nínú ìwé ìròyìn Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ti ń sọ sí ọ̀rọ̀ òṣèlú ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí ó tó dáwọ́ dúró ní 1867. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni irúgbìn náà wá so dáadáa. Adéoyè Deniga dá Eko Akete sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akintan dá Eleti-Ofe sílẹ̀ ní 1923, D. A. Ọbasá gbé Yoruba News jáde ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì bẹ̀rẹ̀ Akede Eko ní 1928. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, olóòtú ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìwà àwọn ọ̀dọ́ àti àṣà ìgbéyàwó ń wà lójú ewé kan náà.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún wa wà nínú àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá, tí Akede Eko tẹ̀ jáde láti 1929 wọ 1930. Obìnrin kan ń ròyìn ayé ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ, ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má ṣe bí òun. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n I. B. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tó gọntíọ ni, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi hàn wá pé ẹ̀rí ojú ẹni, bó ti wù kó wọni lọ́kàn tó, kò tó láti fi dájọ́. Adùn ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn tó dúró ní Utako ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn, àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ńlá pẹ̀lú.

Àríyànjiyàn èdè ìkọ́ni

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun tó mú un di ọdún mẹ́fà gbáko. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sọ fúnra rẹ̀ pé yóò gba àkókò kí a tó rí ìwé àti olùkọ́ tí yóò mú un ṣẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, níbi àpérò kan lórí èdè àti ẹ̀kọ́ ní Àbújá, mínísítà tó wà lórí àlééfà, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé àwọn agbègbè tó ń fi èdè abínibí kọ́ni ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdí yìí wò. Ọmọ tó jókòó ṣe WAEC ní ìparí SS 3 ní ọdún 2025 wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2013. Nígbà tí ìlànà 2022 jáde, ó ti wà ní SS 1. Ìlànà náà kò kàn án. Ọmọ tí ìlànà náà bá ní ọdún kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kẹrin nígbà tí wọ́n fagi lé e. Kò sí ẹyọ ọmọ kan lórílẹ̀-èdè yìí tí ó ti ìlànà 2022 jáde dé ìdánwò tí a fi dá a lẹ́bi.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà mínísítà lè sọ pé ìlànà 1977 ló ń bá wí. Kò burú. Ṣùgbọ́n àgbègbè tó ń fi èdè abínibí kọ́ni lè jẹ́ àgbègbè tí olùkọ́ kò tó, tí ìwé kò sí, tí ọmọ sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí a kò bá ya èdè sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́, a kò mọ èyí tó pa ọmọ lára. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìsọ̀rí kan fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìsọ̀rí kejì fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí èkejì, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ṣe wọ́n ṣòro.

Àléébù tiwa náà

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa tí a fara mọ́ èdè abínibí, báwo ni a ṣe dáhùn? Púpọ̀ nínú wa kò ju pé èdè ẹni ni iyì ẹni lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dá mínísítà lóhùn: ìdánwò ló sọ, iyì ni a fi fèsì. Ẹlòmíràn sọ pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ òun, òun sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìrírí ẹyọ ẹnìkan nìyẹn. Àwọn tí kò di ọ̀jọ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ tí a ń tọ́ka sí pàápàá, ìdajì rẹ̀ ni a máa ń sọ. Ní Ifẹ̀, èdè kan ni àwọn ọmọ náà ń sọ nílé. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún wọn, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló sì ń kọ́ àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mẹ́nu ba àbájáde, tó fi owó àti làálàá pamọ́, ń ta ọjà láìsọ iye rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé àwọn tó ń jà fún èdè lórí pèpéle, tí wọ́n ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá.

Ìbéèrè tí Utako ń bi wá

Nínú kíláàsì kan ní Utako, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò, ọmọ Haúsá, Tiv àti Igala lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Èdè wo ni èdè àdúgbò? Ẹnu wa lè yá láti sọ pé Haúsá ni, nítorí òun ni a fi ń ra tòmátì, tàbí pé Pijin ni, nítorí òun ni awakọ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n abúlé Utako ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó ṣe òfin olú-ìlú tuntun ní 1976, àwọn Gbagyi ló sì ni ín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí abúlé náà ká lónìí, ẹnu sì ti kọ́ láti máa pe Àbújá ní ilẹ̀ tí kò lólówó. Èrò ni ìyẹn náà; wọ́n sọ ọ́ títí ó fi dà bí òtítọ́.

Níhìn-ín ni ìdúróṣinṣin wa ti ń wọ ìdánwò. Bí a bá ń bèèrè Yorùbá fún ọmọ wa ní Utako, tí a kò sì rántí Gbagyi fún ọmọ onílé, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wa ni àwa náà ń ṣe fún ẹlòmíràn. Ẹ̀wẹ̀, òótọ́ ni pé a kò lè fi èdè méje kọ́ kíláàsì kan. Èrò tiwa ni pé ìlànà kan ṣoṣo fún Ìṣẹ́yìn àti Utako kò lè ṣiṣẹ́, yálà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tàbí èdè abínibí nìkan. Níbi tí èdè kan bá ti kárí, kí a fi í kọ́ni fún ọdún mẹ́fà, kí a sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Níbi tó bá dàrú bíi Utako, Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ afárá, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ láṣẹ láti fi èdè ọmọ là á lóye, kí èdè onílé sì wà lára ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ.

Ohun tó kan àwa olùkọ́

Àròkọ alárìíyànjiyàn wà nínú iṣẹ́ Yorùbá ní girama, àwọn tí a ń kọ́ fún NCE ni yóò sì lọ kọ́ni. Bí a ti ń kọ́ ọ lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kí alága, adájọ́ àti olùwòye àkókò, yóò yan ìhà kan, yóò to kókó márùn-ún jọ, yóò sì pa òwe mẹ́ta. Bí òwe bá dùn, máàkì pọ̀. A kì í bi í léèrè ibi tó ti rí kókó rẹ̀. Nígbà tó bá dàgbà tó di òṣìṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa ṣe ìlànà.

A dábàá nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí alátakò náà yóò fi gbà pé òun ló sọ ọ́, kí ó tó fèsì. Èkejì, lábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ bóyá ohun tó rí ni, ohun tó gbọ́ ni, tàbí ohun tí a ṣe ìwádìí rẹ̀. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín “mo rí i” àti “wọ́n ní”. Ẹ̀kẹta, kí ó sọ ẹni tí ìyà yóò jẹ bí èrò òun bá di òfin. Máàkì tí a ń fún òwe, kí a pín in fún àwọn wọ̀nyí.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò rí ṣéńjì rẹ̀ gbà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ohun tí a sọ ni pé ìbínú lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò lè parí rẹ̀. Ìkéde kan ti yí èdè ìkọ́ni ọmọ ọ̀kẹ́ àìmọye padà, ìdánwò tí ìlànà náà kò tíì dé ni wọ́n sì fi gbè é lẹ́sẹ̀. Bí àwa tí a wà ní àpérò yìí bá fẹ́ kí a gbọ́ tiwa nígbà tí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí a lọ pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú kíláàsì, títí kan kíláàsì Utako, kí a sì fi orúkọ Gbagyi sínú rẹ̀.