Àlọ́ Ọjọ́ Kérésìmesì àti Ìṣirò Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí a ti ń yẹ ewì àti ìtàn àròsọ wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ẹ fún mi láyè kí n yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Orí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X láti ọdún 2023, ni a kọ wọ́n sí. Àwọn tí ó kọ wọ́n kì í ṣe akéwì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òkìkí wọn kàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá hun ọ̀rọ̀ ní gbangba kò lè bínú bí a bá yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Èkíní jẹ́ ti Neil deGrasse Tyson, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2014, ó kọ ọ́ pé ní irú ọjọ́ yìí, nígbà pípẹ́ sẹ́yìn, a bí ọmọ kan tí yóò ti yí ayé padà kí ó tó di ẹni 30 ọdún. Nígbà tí olúkúlùkù ti gbà pé òun mọ orúkọ ọmọ náà ni ó wá kí Isaac Newton kú ọjọ́ ìbí, ẹni tí a bí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1642.

Inú bí ọ̀pọ̀ Kristẹni. Èmi, ọmọ ilé Áńgílíkà, ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí mo kà á. Àlọ́ àpamọ̀ ni. Apàlọ́ júwe nǹkan kan títí ọkàn wa fi lọ sí ibòmíràn, ó sì tú u lójijì. Iṣẹ́ ọnà ni, n kò ní purọ́.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ni pé òótọ́ ni ó ní òun ń tà, ọjà náà kò sì pé. Ẹ wo ọjọ́ ìbí yẹn ná. Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà ṣe ní 1582. Nítorí pé ó ti ọwọ́ Póòpù wá, England kọ̀ ọ́, kò sì gbà á títí di 1752. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó ti gbà á, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1643 ni a bí Newton. Bí kò bá sí ìjà ẹ̀sìn, àwàdà tí Tyson fi ẹ̀sìn ṣe ìbá má ṣeé ṣe! Ọ̀rọ̀ 30 ọdún náà ńkọ́? Ìwé ńlá rẹ̀ lórí òfin òòfà, ọdún 1687 ni ó jáde, nígbà tí ó ti di ẹni 44 ọdún. Ohun tí ó rò nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lé wọn kúrò ní Cambridge wà nínú ìwé tirẹ̀, ayé kò mọ̀ ọ́n. Newton yìí kan náà sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí Bíbélì. Ìwé tí ó kọ nípa Dáníẹ́lì àti Ìfihàn jáde ní 1733, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Oyè tí a fi jẹ ẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ìbá kọ̀ ọ́.

Trinity College ní Cambridge ni Newton ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ayé ń ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Richard Dawkins, ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford tí ó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ́ pé ẹ̀bùn Nobel tí gbogbo Mùsùlùmí ayé ti gbà kò tó ti Trinity nìkan. Ó fi kún un pé wọ́n gbìyànjú gidi láyé àtijọ́. Ó dà bí àlejò tí ó bú baálé ilé tán, tí ó wá ń ki bàbá bàbá rẹ̀.

N kò rín ẹ̀rín èyí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ti Trinity lé ní 30 nígbà náà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò gbé irú ìfiwéra báyìí wá síwájú Dawkins nínú ìdánwò tí yóò gba máàkì? Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́rọ̀ tí ó wà láti 1546, tí ó ń ṣa ọmọ tí orí rẹ̀ pé jù, ni a gbé sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àgbẹ̀, ìyálọ́jà àti ọmọ ọwọ́ láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Indonéṣíà. Ta ni a tilẹ̀ kà? Abdus Salam ará Pakístáàní gba Nobel físíìsì ní 1979. St John's, tí ó kángun sí Trinity gan-an, ni ó ti kàwé. Ìjọ Ahmadiyya ni ó ń ṣe, ìlú rẹ̀ sì ti fi òfin sọ ní 1974 pé àwọn ará Ahmadiyya kì í ṣe Mùsùlùmí. Bí a bá sì gbé òṣùwọ̀n yìí wá sílé, Wọlé Ṣóyínká nìkan ni àwa Yorùbá ní, láti 1986, lítíréṣọ̀ sì ni. Èwo nínú ẹ̀sìn wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí?

Ẹnìkan lè ní Twitter kò fi àyè sílẹ̀ ju lẹ́tà 140 lọ nígbà náà. Òwe mélòó ni ó gùn tó bẹ́ẹ̀? Ọmọdé tí yóò pa òwe níwájú àgbà a máa sọ pé tótó ó ṣe bí òwe, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè bà wà níwájú rẹ̀, ó sì ń rí ojú wọn. Apàlọ́ náà a máa dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn ọ̀gá méjèèjì yìí kò rí ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi rí ojú ẹnìkan. Mùsùlùmí ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní ọdún tó kọjá, físíìsì ni ó sì ń kọ́. Mo yá a ní The Selfish Gene, ìwé tí Dawkins kọ ní 1976, tí mo kà sí ìwé àtàtà títí di òní. Ó ń kà á lálaalẹ́, ó sì ń dá mi dúró láti ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ Trinity yẹn hàn án, ó gbé ìwé náà lé orí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, “Gbà, ọkùnrin yìí ti kà wá tán. N kò ní ka tiẹ̀ mọ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ìwé yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ ọ́, àní pé ohun tí a ń kọ́ wa nínú lítíréṣọ̀ nìyẹn. Ó ní kí n lọ sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi. Bébà tí ó fi sàmì sí ibi tí ó kà á dé ṣì wà nínú rẹ̀, kò tí ì dé ìdajì.